Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ọ̀fẹ́: A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Bí a bá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọ̀pọ̀ iléèwé ìjọba láti Lekki títí dé Ajah, tí a sì tún tẹ̀ síwájú dé Sangotedo, Awoyaya àti àwọn ìgbèríko Ìbèjú-Lekki, ohun tí òwe yìí ní ká má ṣe gan-an là ń ṣe.

Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Etíkun Lekki yìí wà lára ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú ọ̀run ló ti ń wá, nítorí pé òpó gíga tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń rí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Okùn ni, okùn tí inú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì tín-ín-rín bí irun orí, tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun láti ilẹ̀ Yúróòpù wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, Alpha Beach ní Lekki ni okùn Glo-1 gúnlẹ̀ sí. Ní ọdún 2010, okùn MainOne dé sí Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, okùn Equiano tí iléeṣẹ́ Google ṣe agbátẹrù rẹ̀ náà tún gúnlẹ̀ sí apá Lekki kan náà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024 tí mélòó kan nínú irú àwọn okùn bẹ́ẹ̀ já lábẹ́ òkun nítòsí orílẹ̀-èdè Ivory Coast, gbogbo wa la rí i bí iṣẹ́ àwọn báńkì ṣe dẹnu kọlẹ̀. Ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé abẹ́ omi ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí ni àwọn okùn yìí ń gbé wá? Ohun tí etí wa sábà máa ń gbọ́ ni ti àwọn gbájú-ẹ̀, ti tẹ́tẹ́ àti ti àwòrán tí kò bójú mu. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú okùn kan náà ni ìmọ̀ tí kò lóǹkà ń gbà kọjá, tí àwọn tó ni ín kò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ní ọdún 2001, MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun yóò gbé àwọn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2004, Salman Khan, tí òun náà ń gbé Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìbátan rẹ̀ kan ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí àwọn ẹbí yòókù ní àwọn náà fẹ́ gbọ́, ó gbé ẹ̀kọ́ náà sórí YouTube ní ọdún 2006. Ibẹ̀ ni Khan Academy ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń kọ́ni ní ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísìrì àti báyólójì lónìí láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó tún wúni lórí jù ni PhET. Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001, ló dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní ọdún 2002. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n gbé yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì sínú kọ̀ǹpútà àti fóònù. Ọmọ lè fi ìka fa okùn kí ó gùn tàbí kí ó kúrú, kí ó so ohun wúwo mọ́ ọn, kí ó sì wo bí ó ṣe ń fì síwá sẹ́yìn àti bí àkókò tó ń gbà ṣe ń yí padà. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, kò sí ohun tó fọ́, kò sí ásíìdì tó ta sí i lójú. Nílé níbí pẹ̀lú, ìjọba àpapọ̀ àti àjọ UNICEF gbé Nigeria Learning Passport kalẹ̀ ní ọdún 2022. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti Nàìjíríà ló tẹ̀lé, ó sì ṣeé lò níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí.

Ìbéèrè wa wá nìyí: bí gbogbo oúnjẹ yìí bá wà lórí tábìlì, kí ló dé tí ebi ṣì ń pa ọmọ? Kí ló dé tí kì í fi í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n pé kí ọmọ jókòó ìdánwò WAEC nínú kẹ́mísìrì láìtíì fọwọ́ ara rẹ̀ da ásíìdì sínú ife gíláàsì rí, àfi ohun tí ó há sórí láti inú ìwé? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí àwọn iléèwé aládàáni olówó ńlá tó wà nínú àwọn ẹ́sítéètì, níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́ bó bá fi máa dé ọwọ́ ọmọ ní Badore tàbí Langbasa. Ó gbọ́dọ̀ ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ó gbọ́dọ̀ ní iná. Ó gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ tó mọ ibi tí ohun tó ń wá wà. Lékè gbogbo rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ra dátà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń mójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tó fi lè tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ti ra dátà láti ìgbà náà mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀. Fídíò ẹ̀kọ́ ogójì ìṣẹ́jú lè jẹ nǹkan bíi 200MB dátà, bí wọn kò tilẹ̀ wò ó ní àwòrán tó mọ́lẹ̀ jù. Bí àádọ́ta ọmọ bá wò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 10GB nìyẹn, fún ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Owó gọbọi ni. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan bá gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó tọ́jú rẹ̀ sínú mẹ́mórì káàdì, 200MB náà ni gbogbo iye tí wọn yóò ná. Àádọ́ta ọmọ lè wò ó, ẹgbẹ̀rún ọmọ lè wò ó, àwọn tí yóò wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ náà lè wò ó. Mẹ́mórì káàdì kékeré tó ń gba 32GB lè gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tó 150. Àwọn àyẹ̀wò PhET náà ṣeé gbà sílẹ̀ kí wọ́n sì lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí omi ò bá lè dé ilé, ènìyàn a máa gbé korobá lọ sí ibi ẹ̀rọ omi. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́: kì í ṣe gbogbo iléèwé ló nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹnì kan ló yẹ kó lọ pọn ọ́n wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun, kí ó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbèjú-Lekki. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ ojú omi ńlá ti Lekki. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n ṣí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Orí ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi ń dáko, tí wọ́n sì ti ń pẹja, ni wọ́n kọ́ wọn sí. Iṣẹ́ ẹni tó mọ kẹ́mísìrì, ẹni tó mọ físíìsì àti ẹni tó mọ ẹ̀rọ ló kún inú wọn. Ta ni yóò ṣe é? Ṣé ọmọ onílẹ̀ ni àbí àlejò? Bí àwọn ọmọ wa kò bá mọ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ mègáàdì àti iṣẹ́ ká máa ru ẹrù ni yóò kù fún wọn lẹ́nu géètì ilẹ̀ baba wọn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìdàgbàsókè yóò gba orí àwọn ará etíkun yìí kọjá. Àwọn tí ìjọba ológun wó ilé wọn ní Maroko ní oṣù keje ọdún 1990, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí lọ sí Ilasan, Ikota àti apá Ajah, kò ní gbàgbé láéláé. Owó ilẹ̀ a máa tán. Ìmọ̀ kì í tán.

Àwọn kan yóò sọ pé sáyẹ́ǹsì òyìnbó le jù fún ọmọ ìgbèríko. A kò gbà. Ẹ̀yin baba wa tí ẹ ń gbé agbègbè odò mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ògógóró. Wọ́n á da ògùrọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á dáná sí i nídìí. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù tó la omi tútù kọjá, á sì máa kán sínú ìgò lódìkejì. Ohun tí iléeṣẹ́ ìfọpo ń ṣe kò jìnnà sí èyí. Wọ́n á se epo rọ̀bì títí yóò fi di ooru, wọ́n á rán an sínú ilé gogoro kan. Èyí tó fúyẹ́ jù, bíi gáàsì àti bẹntiróòlù, á gòkè lọ; kẹrosíìnì á dúró láàárín, dísẹ́ẹ̀lì á wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì á sì kù nídìí. Olùkọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí dúrọ́ọ̀mù ògógóró, tí ó wá fi fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá han àwọn ọmọ bí inú ilé gogoro náà ṣe rí, tí ó sì ní kí wọ́n bojú wo iná tó ń jó lókè iléeṣẹ́ náà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀kọ́ náà kò ní kúrò lórí wọn títí ayé.

Nítorí náà, fídíò nìkan kò tó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ sáyẹ́ǹsì. Okùn àti òkúta tó fún ọmọ láti fi mọ bí nǹkan ṣe ń fì. Omi ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe zóbò yóò pọ́n sí i bí wọ́n bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò sì yí àwọ̀ padà lọ sí búlúù tàbí àwọ̀ ewé bí wọ́n bá da omi eérú sí i. Ásíìdì àti álíkálì nìyẹn, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Igbó àti irà tó wà ní Lekki Conservation Centre, tí wọ́n ti ń dáàbò bò láti ọdún 1990, jẹ́ ìwé báyólójì tó ṣí sílẹ̀. Ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ṣàlàyé ohun tí ọwọ́ ọmọ ti ṣe, tí ojú rẹ̀ sì ti rí.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, kì í ṣe pé ó kàn pàṣẹ pé kí wọ́n má gba owó mọ́. Ìjọba rẹ̀ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó sì kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, ara ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni pé kí tẹlifíṣàn lè kún olùkọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ kì í dá rìn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ọmọ.

Àwọn ìjọba tó tẹ̀lé wọn náà gbìyànjú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pẹ̀lú ìpinnu láti pín 150,000 rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé girama. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ariwo rẹ̀ rọlẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ a máa bàjẹ́, ìjọba a sì máa yí padà. Ní Èkó níbí, nígbà tí àrùn kòrónà ti iléèwé pa ní ọdún 2020, orí rédíò àti tẹlifíṣàn ni ìjọba gbé ẹ̀kọ́ gbà. Ọdún náà ni ètò EKOEXCEL bẹ̀rẹ̀, tó fi táblẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A gbóríyìn fún wọn. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ físíìsì, kẹ́mísìrì àti báyólójì ní iléèwé girama, kí ó sì jẹ́ èyí tí kò ní bá gómìnà kan wọlé kó tún bá a jáde.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, wọ́n sì máa ń sáré sọ ọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àwòrán lásán ló ń wò. Ẹ rántí ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn; wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Lóòótọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lójú tiwa, ìgbésẹ̀ náà kò bójú mu. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí èyí ní kí olùkọ́ má dá fídíò dúró lágbedeméjì kí ó fi Yorùbá là á yé àwọn ọmọ, kí ó tó tún padà sí Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò fi ṣe ìdánwò.

A mọ̀ pé àwọn òbí kan ń bẹ̀rù. Wọ́n ní fóònù ló ń ba ọmọ jẹ́, ọ̀pọ̀ iléèwé ló sì kà á léèwọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe àṣejù. Ìdí gan-an nìyẹn tí a fi sọ pé kí ẹ̀kọ́ náà wà lọ́wọ́ olùkọ́, nínú ẹ̀rọ iléèwé tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí, tẹ́tẹ́ kò sí, ìsọkúsọ kò sì sí. Àwọn olùkọ́ kan náà ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó mọ ọmọ tí kò jẹun àárọ̀ wá sí kíláàsì. Olùkọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yan àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó dáńtọ́, kí wọ́n jókòó ti ìlànà ẹ̀kọ́, kí wọ́n ṣa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bá orí kọ̀ọ̀kan mu, kí wọ́n sì pín in fún gbogbo iléèwé girama. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ yìí, gbogbo ìpínlẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́.

Èkejì, kí ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, ti Ìlà Oòrùn Etí-Ọ̀sà àti ti Ìbèjú-Lekki fún iléèwé girama kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ kan tó ń gbé àwòrán sára ògiri, àti iná sólà tí yóò máa gbé wọn. Owó rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń ná sórí àríyá. Kí wọ́n sì ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí ti Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn iléeṣẹ́ tí okùn wọn gba abẹ́ ilẹ̀ wa kọjá, àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó wà ní Ìbèjú-Lekki, ṣe ohun tó yẹ ọmọlúàbí. Kí wọ́n fa íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ dé ó kéré tán iléèwé kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí àwọn olùkọ́ agbègbè náà lè máa lọ pọn ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù má sì máa yọ dátà fún ohun tó bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin baba wa àti ìyá wa, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ọ̀rọ̀ yìí kò ju agbára yín lọ. Àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ni ní abúlé yín lè gba ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ bí ẹ bá bá a ra dátà. Ọmọ yín tó wà ní ìlú ńlá lè fi mẹ́mórì káàdì ránṣẹ́ dípò aṣọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹ bá tún lọ sí ìpàdé iléèwé, ẹ bi ọ̀gá àgbà léèrè: àwọn ọmọ wa ha ti fojú rí àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì kankan ní tááàmù yìí bí?

Okùn ti la òkun kọjá láti Yúróòpù, ó ti gúnlẹ̀ sí iyanrìn wa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì ni àwọn ẹlòmíràn ti bá wa rìn. Máìlì díẹ̀ tó kù, láti etíkun dé kíláàsì, tiwa ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi.